ÌTỌ́WÒ YÀTỌ̀ SÍ ÀJẸYÓ: Lámèyítọ́ lórí Oúnjẹ Ìtọ́wò ní Ìlú Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Òwe yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ti ìdí rẹ̀ kà á. Ohun tí àwọn àgbà wí ni pé ọbẹ̀ dídùn a máa náni lówó. Wọn kò wí pé gbogbo ohun tí ó bá ti náni lówó ni yóò dùn. Àṣìkà yìí ni ó ń mú kí ènìyàn wọ ilé oúnjẹ olówó gọbọi ní ìlú ńlá, kí ó jẹ ohun tí kò yé e, kí ó sì jáde kí ó máa yìn ín. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ ni èyí tí n ó máa pè ní oúnjẹ ìtọ́wò. Ní ilé tí wọ́n ti ń tà á, oníbàárà kì í yan ohun tí yóò jẹ. Alásè ni ó ti yàn án sílẹ̀ fún un. Wọn a máa gbé àwo kéékèèké wá níkọ̀ọ̀kan, bí àwo márùn-ún, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó wà nínú àwo kan kì í sábà ju òkèlè méjì tàbí mẹ́ta lọ. Owó kan ṣoṣo ni a ń san fún gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Japan ti ní irú àsè alátẹ̀léra bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kaiseki ni wọ́n ń pè é. Àwọn alásè ilẹ̀ Faransé náà sì sọ ti wọn di olókìkí láti nǹkan bí ọdún 1970 wá. Lónìí, ó ti dé Èkó.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èsì mi kò ṣòro. Bí alásè bá to àwo méje tẹ̀lé ara wọn, tí ó ní kí á jẹ kìíní ṣáájú kejì, kí á sì parí sí keje, ohun tí ó ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí òǹkọ̀wé ń ṣe. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní òpin. Ó ní kókó, tàbí kí ó má ní. Ohun tí a bá hun, a lè tú u wò. Àwa tí a ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ ìhun ìtàn àròsọ wò kò gbọdọ̀ yadi nígbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ tí wọ́n hun síwájú wa, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ ìyá wa ni.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn. Nínú ọjà wa, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra gàárì yóò ju ìwọ̀nba díẹ̀ sẹ́nu kí ó lè mọ bí ó ṣe kan tó. Ẹni tí ó fẹ́ ra oyin tàbí epo pupa yóò fi ìka kàn án, yóò sì lá a. Ìdájọ́ ni ìtọ́wò lójú Yorùbá; bí a bá ti tọ́ ọ wò tán, a lè rà á, a sì lè fi í sílẹ̀. Ilé oúnjẹ ìtọ́wò yí èyí padà. Ìtọ́wò náà gan-an ni ó ń tà. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti gba owó lọ́wọ́ wa fún ìtọ́wò, ẹ má jẹ́ kí ó gba ìdájọ́ náà lọ́wọ́ wa mọ́ ọn.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní oṣù kẹjọ ọdún tí ó kọjá, nígbà tí a parí iṣẹ́ ìkọ́ni tí wọ́n fi ń dán wa wò, mo kúrò ní apá Òkè-Ọya tí ilé-ẹ̀kọ́ wa wà, mo lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Èkó. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn pé àbúrò òun fẹ́rẹ̀ẹ́ di olùkọ́, ó sì ní òun yóò ṣe mí lálejò. Ilé oúnjẹ kan ní Erékùṣù ni ó mú mi lọ. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé ìjà kọ́ ni mo bá wá. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi san fún àwa méjèèjì ju owó tí mo fi ń jẹun fún oṣù méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Àwo méje ni wọ́n gbé wá fún wa.

Àwo kìíní dára. Àkàrà kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju awẹ́ obì méjì lọ, ó gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún, inú rẹ̀ sì rọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ilé yìí mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwo kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbín tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ ni, ata rodo sì pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dà lójú wa. N kò kọ ata. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò kọ ata? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwo kẹta jẹ́ ẹ̀kọ tútù àti ẹja tí wọ́n rọra fi omi ewé sè. Adùn àwo yìí jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀kọ ní ìkan díẹ̀ tí ó yẹ kí ahọ́n wá kàn fúnra rẹ̀. Ahọ́n wa sì ti kú. Ata ti pa á. N kò mọ adùn ẹja náà títí di òní. Àwo méjèèjì lè dára bí a bá jẹ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtòtẹ̀léra wọn ni ó bà wọ́n jẹ́. Bí ẹni tí ó fi igbe ẹkún bẹ̀rẹ̀ ìtàn, tí ó wá fẹ́ kí á gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó rí.

Àwo kẹrin ni ó dára jù. Ìrẹsì ọ̀fadà tí kò kún ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n dì sínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù lórí rẹ̀. Níwájú wa ni wọ́n ti tú ewé náà. Òórùn ewé gbígbóná pẹ̀lú irú gba gbogbo tábìlì. Nínú abọ́ ńlá tí a fi ń jẹ ọ̀fadà níbi ìnáwó, n kò fiyè sí òórùn ewé rí, nítorí pé ìkánjú àtijẹ ni ó máa ń bá mi. Ìwọ̀nba kékeré yìí mú mi dúró. Ó jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ti ń jẹ láti kékeré. Mo fi àwo yìí ṣe ẹ̀rí pé kì í ṣe kíkéré oúnjẹ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí kíkéré bá fi ohun kan hàn wá tí àjẹyó kò lè fi hàn, iṣẹ́ ọnà ni.

Àwo karùn-ún ni ó dùn mí jù. Àmàlà ni wọ́n pè é. Wọ́n rọ ọ́ bí hóró àgbálùmọ̀, ẹyọ mẹ́ta, wọ́n tò ó sórí àwo pẹrẹsẹ, wọ́n sì pọ́n ewédú di ìfófòó lé e lórí. Gbẹ̀gìrì wà lẹ́bàá rẹ̀ bí ẹ̀kán mẹ́rin. Fọ́ọ̀kì ni wọ́n fún wa láti fi jẹ ẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, kí ẹ má baà rò pé ìbínú aláìmọ̀ọ́jẹ ni mo ń bí. Ìdí tí a fi ń jẹ ewédú ni pé ó ń yọ̀. Yíyọ̀ rẹ̀ ni ó ń mú òkèlè kọjá lọ́nà ọ̀fun. Ewédú tí ó ti di ìfófòó kò yọ̀ mọ́. Ìdí tí a fi ń fi ọwọ́ jẹ òkèlè ni pé òkèlè kò tí ì parí nígbà tí wọ́n gbé e dé. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ ni ó ń bù ú, tí ó ń rọ ọ́, tí ó ń pinnu bí ọbẹ̀ yóò ti pọ̀ tó lára rẹ̀. Olóúnjẹ àti ajẹun ni wọ́n jọ ń parí iṣẹ́ náà. Alásè yìí gba ìpín tiwa nínú iṣẹ́, kò sì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ó gbé fún wa ni àwòrán àmàlà.

N kò ní pẹ́ lórí àwo kẹfà. Súyà ni; kò burú, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé Òkè-Ọya ti jẹ èyí tí ó sàn jù ú lọ lójú pópó. Àwo keje jẹ́ àgbálùmọ̀ tí wọ́n sọ di yìnyín. Mo bi ẹni tí ó gbé e wá pé níbo ni wọ́n ti rí àgbálùmọ̀ ní oṣù kẹjọ. Ó ní òun yóò lọ béèrè, kò sì padà wá sọ fún wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ni àgbálùmọ̀ ń kún ọjà. Ohun tí ó kún ọjà Èkó ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí ni iṣu tuntun. Nínú àwo méjèèje, kò sí ẹ̀là iṣu kan ṣoṣo.

Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àwo náà sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ di oúnjẹ àgbàdo dídì. Gbẹ̀gìrì di omi ẹ̀wà. Ilé yìí wà ní Èkó, Yorùbá ni ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá, Yorùbá ni àwa tí a jókòó, síbẹ̀ ojú ti gbẹ̀gìrì láti jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí a dìde, ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, “Àbúrò mi, ṣé ó dùn?” Mo ní, “Ó dùn púpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun gan-an ni. Olúwa yóò fi kún un fún yín.” Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ní ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi ní kí awakọ̀ dúró lẹ́bàá títì, ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà fún àwa méjèèjì. A jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ títí a fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ebi ń pa ẹ̀gbọ́n mi náà, ati pé àwa méjèèjì ni a ti purọ́ fún ara wa nítorí owó tí a san.

ÌRÀWỌ̀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó GBÀ Á

Ẹnìkan lè wí pé ìtọ́sọ́nà ni a kò ní. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wọ́n ní ìtọ́sọ́nà tí gbogbo ayé mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Michelin, tí ó ń ṣe táyà ọkọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé atọ́nà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ọdún 1900. Ní ọdún 1926, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìràwọ̀ sí ara ilé oúnjẹ tí ó dára. Ní ọdún 1931, wọ́n sọ ọ́ di ìràwọ̀ kan, méjì àti mẹ́ta. Ìràwọ̀ kan túmọ̀ sí pé ó yẹ kí arìnrìn-àjò dúró níbẹ̀. Méjì, pé ó yẹ kí ó yà kúrò lọ́nà nítorí rẹ̀. Mẹ́ta, pé ó yẹ kí ó torí rẹ̀ nìkan gbéra nílé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò wọn ni pé àwọn tí wọ́n ń rán lọ jẹun kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n sì ń san owó oúnjẹ wọn. Wọ́n mọ òwe dòdò àti òdodo bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Ìràwọ̀ yìí ti kan oúnjẹ wa. Ilé oúnjẹ Ikoyi, tí Jeremy Chan àti Iré Hassan-Odukale dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2017, gba ìràwọ̀ kejì ní ọdún 2022. Ní ọdún 2024, ilé oúnjẹ Akoko tí Aji Akokomi dá sílẹ̀ gba ìràwọ̀ kan. Ní ọdún kan náà, Chishuru ti Adejoké Bakare gba tirẹ̀, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí alásè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìràwọ̀ náà. Oúnjẹ ìtọ́wò ni ó sọ Ikoyi àti Akoko di olókìkí.

N kò jẹun níbẹ̀ rí, nítorí náà n kò ní dá adùn wọn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n a lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára orúkọ tí wọ́n ń lò. Ikoyi gba orúkọ àdúgbò kan ní Èkó, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ín ti sọ ọ́ ní gbangba pé kì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ni àwọn ń sè. Àwọn ohun amóúnjẹ-ta-sánsán ilẹ̀ wa àti ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń lò bí ó ti wù wọ́n. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ lọ wá ọbẹ̀ ìyá rẹ̀, tí ó bínú jáde, òun ni ó jẹ̀bi. A kì í fi òṣùwọ̀n ìtàn àròsọ wọn ewì. Ní ti Chishuru, orúkọ náà yé àwa tí a ń gbé láàárín Haúsá dáadáa. Kaduna ni Bakare ti dàgbà, ìdákẹ́jẹ́ tí ó máa ń bá àwọn ajẹun nígbà tí oúnjẹ bá dé ni orúkọ náà dúró fún. Nígbà tí mo mọ èyí, bọ̀ọ̀lì inú ọkọ̀ ni mo rántí.

Chishuru ti ní àwo kan rí tí wọ́n pè ní ẹ̀kuru. Ẹ̀wà funfun ni àwa fi ń ṣe ẹ̀kuru. Hóró bàrà ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Àwọn kan lè wí pé ayédèrú ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tí ó bá pe nǹkan ní ẹ̀kuru níwájú òyìnbó ti fi àyè sílẹ̀ kí ẹnìkan béèrè pé kí ni ẹ̀kuru, ti ta ni, báwo ni àwọn ìyá ṣe ń ṣe é nílé. Ẹni tí ó bá pe gbẹ̀gìrì ní omi ẹ̀wà ní Èkó ti ti ilẹ̀kùn náà pa. Àyípadà lára oúnjẹ ṣeé jiyàn lé lórí níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá ṣì wà. Bí orúkọ bá lọ, kí ni a ó fi jiyàn?

BÍ A ṢE LÈ MỌ ÈYÍ TÍ Ó DÁRA

Ìwé Michelin kò tí ì kan Èkó, n kò sì rò pé ó yẹ kí á dúró dè é. Àwọn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe wà ní Èkó. Michael Elégbèdé, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé oúnjẹ ńlá ní Amẹ́ríkà, padà wá sí Èkó, ó dá ilé oúnjẹ ìtọ́wò sílẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ìtàn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé orúkọ yẹn gan-an jẹ́ òṣùwọ̀n: bí àwo méje kò bá sọ ìtàn kan, kí ni a to wọ́n tẹ̀lé ara wọn fún?

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo rò pé ó yẹ kí á béèrè kí á tó san owó. Èkíní: ṣé oúnjẹ náà ń yí padà bí ìgbà ti ń yí? Ilé tí ohun tí ó ń tà ní oṣù kejì bá jẹ́ ohun kan náà tí ó ń tà ní oṣù kẹjọ kì í ná ọjà. Èkejì: orúkọ wo ni wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ wọn, ṣé ẹni tí ó ń gbé e wá sì lè ṣàlàyé rẹ̀? Ìkẹta: níbo ni ata wà nínú ìtòtẹ̀léra náà? Alásè tí ó bá mọ ahọ́n kì í jẹ́ kí ata ṣáájú ohun jẹ́jẹ́. Ìkẹrin: ta ni ó yin ilé náà fún wa, ta ni ó sì sanwó oúnjẹ ẹni náà? Ẹni tí wọ́n fún lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè ya àwòrán kò lè ṣe ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: kí ni àwo kékeré yìí fi hàn mí tí abọ́ ńlá kò fi hàn mí rí? Bí a bá rí èsì fún àwo mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú méje, owó wa kò ṣòfò. Bí a kò bá rí èsì fún ọ̀kan, a ti ra ebi.

Ìkìlọ̀ kan kù fún èmi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gbogbo ẹjọ́ tí mo rò yìí, n kò rí i sọ lójú ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tí ó ń se oúnjẹ wọ̀nyí kò lè tún un ṣe bí àwa tí a mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá ń dúpẹ́ nìkan. Láìpẹ́, a ó di olùkọ́. Ọmọ tí a ń kọ́ ní Èkó tàbí ní Kaduna lè bi wá pé kí ni gbẹ̀gìrì. Ó yẹ kí á lè dá a lóhùn, kí á sì lè sọ fún ẹni tí ó pè é ní omi ẹ̀wà pé ó ṣì í pè.

Mo ti kọ ìwé sí ẹ̀gbọ́n mi láti sọ òdodo. Ó fèsì pé, “Èmi náà mọ̀, ojú rẹ ni mo ń wò.” Ó ní bí mo bá tún wá, iṣu tuntun ni àwa méjèèjì yóò gún jẹ nílé.